Iná Abẹ́ Ìbọn

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú kíṣìn wa ní Peckham. Ìyàwó mi ń já ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó rà ní Rye Lane sínú abọ́. Mo gbé fóònù ti ike iyọ̀ kí n lè máa wo ojú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ń gbé ní Texas láti ìgbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ló ń dà á láàmú.

“Bọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ gbà mí o. Nǹkan yìí ń mì bí eyín arúgbó.”

Ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ló tẹ́ sórí táwẹ̀lì. Ó ti yọ ọta inú rẹ̀, ó sì ti kó wọn lọ sí yàrá mìíràn; ó fi ihò rẹ̀ hàn mí kí n tó béèrè. Iná kékeré kan bíi tọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ dè sábẹ́ ẹnu ìbọn náà, iná tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, tí kò bá ìbọn wá. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ mẹ́ta sínú páálí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú ìbọn kan. Mo ní kó gbé wọn súnmọ́ fóònù. Mo rí i pé èyí tó lò fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó dè é, ó sì gbọn ìbọn náà. Kò mì mọ́.

“Rẹ́gí!” ni mo wí. Inú mi dùn. Gbogbo ayé mi ni inú mi máa ń dùn bí ohun méjì bá bára mu.

Ó yí ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ̀rù ti tán o. Ẹ máa bọ̀ lọ́dún yìí. Kí n tó ṣe ohunkóhun, màá ti rí yín.”

“Kí lo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀?” Ẹ̀rín ni mo fi bi í.

Ìyàwó mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi láti ìgbà tó ti lọ kí i ní Texas tó sì ti padà wá. Ó ní ọjọ́ kejì tí òun dé ilé náà, òun jí ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà. Òun ò tan iná, nítorí ìyá wọn kọ́ wọn pé àlejò kì í da oorun onílé rú. Òun ń fọwọ́ ba ògiri bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà lọ́wọ́, omi àlùwàlá lójú, tí òun fi rí àbúrò òun lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó na ìbọn sí òun.

“Orúkọ tí ìyá wa máa ń pè é ni mo pè. Ìyẹn ló mú un sọ ọwọ́ kalẹ̀.”

“Olè ti wọ ilé tó tẹ̀lé tiwa lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí mi. Ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀. Iná tí o dè yìí, ṣebí ibi tí ẹnu ìbọn bá kọjú sí ló ń tàn sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Kí o tó lè mọ̀ pé èmi ni, wàá kọ́kọ́ na ìbọn sí mi náà nìyẹn. Fi gílóòbù kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, kí o sì ti ìbọn mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ tí o bá ṣe é, pè mí. N ó wá.”

Mo ní kí ìyàwó mi má fi àbùkù kàn án, pé ó gbìyànjú, pé iná náà dára gan-an.

Ó wò mí. “Dádì, ẹ ti bá a dè é tán. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Láti ọjọ́ náà lọ, mo retí kí ìyàwó mi béèrè ọ̀rọ̀ gílóòbù náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, kò béèrè. Nígbà tí mo ní ṣé kò fẹ́ rán an létí ni, ó ní ènìyàn kì í bẹ àbúrò ẹni pé kó má yìnbọn fún òun. Nígbà tí ewé ń jábọ́ ní Peckham Rye, wọ́n rí àrùn kan lára ìyàwó mi ní ọsibítù. Ewé tuntun kò tíì yọ tí a fi sin ín.

Àbúrò rẹ̀ kò bá ìsìnkú. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló bá. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó bá mi fọ abọ́ ní kíṣìn yẹn kan náà, lẹ́yìn náà ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni. Iná kéékèèké mẹ́rin wà nísàlẹ̀ ògiri, irú èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá kọjá. Àwòrán kejì jẹ́ ti àpótí irin tí a tì pa.

“Ìgbà wo lo ṣe é?”

“Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tá a jọ sọ̀rọ̀, Bọ̀dá. Mo tú ti abẹ́ ìbọn kúrò pẹ̀lú.”

“O ò sì pè é kí o sọ fún un?”

“Mo fẹ́ kí Àǹtí mi bá a níbẹ̀ ni. Kí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìdájí, kí iná tàn sí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n pariwo orúkọ mi.” Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú. “Nígbà tí wọn ò béèrè rárá, mo rò pé wọ́n ṣì ń bínú.”

Mi ò sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ retí ìpè náà títí tó fi kú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń tẹ nọ́ńbà náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i, kí n tó gbé fóònù fún ìyàwó mi. Mo máa ń béèrè àwọn ọmọ, mo máa ń béèrè iṣẹ́. Ó yẹ kí n béèrè ọ̀dẹ̀dẹ̀.