Ẹ̀ka Igi Tí Kò Sí Lóko Wa

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sóko wa lẹ́yìn ìlú Òrò-Àgọ́. Mo ń rìn lọ nínú poro, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ebè iṣu, ni ọwọ́ bàbá bá tẹ orí mi wálẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka igi má baà gbá mi. Mo wòkè, n ò rí nǹkan kan àfi ojú ọ̀run. Mo bẹ̀rẹ̀.

Igi irúgbá kan ló wà níbẹ̀ láyé bàbá bàbá mi, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì dábùú poro. Ìjì wó o kí wọ́n tó bí bàbá mi. Igi lọ, bíbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ò lọ. Ibi tó wà di koríko, ebè wa á sì yà fún un, bí ẹni tó ń sá fún àna. Kò síyàwó ilé tí a kì í kọ́ ní bíbẹ̀rẹ̀ yìí kó tó wọ oko. Alágbàṣe kan láti ìlú Bàbáńlá dúró ṣánṣán kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá ní kó padà, kó gba abẹ́ ẹ̀ka wá. Ọkùnrin náà wò wá títí. Ebi ń pa á, iyán sì ti délẹ̀, ló bá padà lọ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹsẹ̀ bàbá ò gbé e mọ́ bíi tàtijọ́. Àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin fẹ́ kí wọ́n fi oko náà háyà fún àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ń wá ilẹ̀ gbin pákí. Èmi ní tèmi fẹ́ oko náà fún ara mi. Ká má parọ́, n ò fẹ́ nǹkan míì láyé mọ́. Bàbá ní òun á wo ọwọ́ mi fún ọdún kan ná, bí mo bá bà á jẹ́, àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ni ín.

Èmi ọ̀mọ̀wé! Bàbá lọ síbi ìsìnkú, mo pe Jimọ̀, awakọ̀ katakata láti Ṣàrẹ́ tó ti ń bá bàbá túlẹ̀, mo ní kó túlẹ̀ lọ gbọọrọ, kó má yà síbì kankan.

Ó ní, “Tíṣà, igi yẹn ńkọ́?”

Mo ní igi wo? Ó wa katakata gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ mo rí i tó tẹrí ba.

Lọ́jọ́ kejì bàbá dé oko. Koríko ti wọlẹ̀, kò sí àmì mọ́. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó wá ṣí fìlà.

“Dọ́káàsì, o ti gé igi bàbá mi.”

Èmi tí n kò mú àdá dání! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́. Ojú tì mí gan-an. Ó ní kí n dá igi padà síbi tí mo ti bá a, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí n pe àbúrò mi pé kó wá fi oko háyà.

Báwo lèèyàn ṣe ń dá igi tí kò sí padà? Mo ránṣẹ́ sí Jimọ̀, a fẹsẹ̀ wọnlẹ̀. Mo ní ibí ni, ó ní ó ṣì kù níwájú, ọdún mẹ́ta lòun fi ń yà fún un, ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù ká jà. Nígbà tá a fẹnu kò, Jimọ̀ bẹ̀rẹ̀ kọjá kí bàbá wò ó. Bàbá ní a gbé ẹ̀ka náà ga jù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ní ó ku díẹ̀. Nígbà kẹta, fìlà Jimọ̀ já bọ́.

Bàbá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti kàn án.”

Òun fúnra rẹ̀ wá gbéra, ó ń fọ̀pá tilẹ̀, ó kọjá lábẹ́ ẹ̀ka. Kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò bẹ̀rẹ̀.”

Ó yíjú padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ gan-an, n ò fiyè sí i títí dọjọ́ náà.

“Ogbó ti bá mi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ló kù. Máa bọ̀, kóo wá wo ibi tí ilẹ̀ rẹ parí sí.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀lé e.