Ìyókù Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́ Géètì

Bó bá jẹ́ fíìmù tí wọ́n ti ń yìnbọn tí wọ́n sì ń fẹ́ra wọn lẹ ń wá, ẹ má yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onífíìmù. Kò ka ìyẹn sí. Fíìmù tí kò ní òṣèré, tí ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀ ti ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, òun nìkan ló ń gbé lárugẹ. "Ẹ wo èyí, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló máa ń wí, kódà fún ẹni tó kàn wá ṣẹ́ owó. Ní ọ̀sán Sátidé, á to bẹ́ńṣì, á gbé ọ̀kan sí tẹlifíṣọ̀n, àwọn aládùúgbò á wò ó tán, wọn á sì jiyàn títí ẹnu á fi gbẹ.

Aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì kì í pa Sátidé kan jẹ, nítorí bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti darúgbó, ìgbàgbé sì ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òrùlé. Orí bẹ́ńṣì yẹn nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé òun ni olùṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ fóòmù kan tó jóná lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ kú sínú rẹ̀ torí pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Wọ́n ṣe fíìmù nípa iná náà. Láti ọjọ́ tó jáde ni wọ́n ti ń tutọ́ sílẹ̀ bí bàbá bá ń kọjá, ni òun àti ọmọ rẹ̀ bá kó wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Aránṣọ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí bàbá gbàgbé rẹ̀ kó tó rí ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá Onífíìmù gbé dísìkì kan sókè. "Gbogbo èyí tí mo ti fi hàn yín, eré ọmọdé ni. Ọba wọn rè é: iná ilé-iṣẹ́ fóòmù!"

Aránṣọ di bàbá rẹ̀ lápá mú. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe nílé? Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iná, èéfín, àwọn ìyá tó ń sunkún. Nígbà tó yá, ojú ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ṣì dúdú kún tẹlifíṣọ̀n. Ohùn kan bi í pé, "Ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?" Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Èmi ni." Orin arò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, fíìmù sì parí síbẹ̀.

"Ìkà èèyàn!" Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ rọra o, Tíṣà," ni onígbàjámọ̀ wí. "Mi ò gbọ́ ibi tí wọ́n ti bi í pé ta ló rán an. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

"Kámẹ́rà kì í purọ́!"

"Ṣùgbọ́n ó lẹ́ni tó gbé e dání. Bí mo bá fá apá kan orí yín, tí mo sì ya apá yẹn nìkan ní fọ́tò, ṣé ẹ ò ní di apárí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó bá wọn rín in. Kò dá ojú ara rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ló gún aránṣọ lọ́kàn. Ó dìde. "Bàbá mi lẹ ń wò yẹn."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Inú yàrá àwọn ni wọ́n ti ya fíìmù náà, nígbà tí òun ṣì kéré. Àwọn oníkámẹ́rà ní kí òun pa fáànù, torí ariwo rẹ̀ ń wọ inú ohùn. Nígbà tí bàbá dáhùn pé, "Èmi ni," tó dákẹ́, tí òógùn bò ó, àánú ṣe òun. Òun rò pé ó ti parí, òun sì tan fáànù. Ìgbà náà ni bàbá wá sọ ìyókù: ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló pàṣẹ pé kó máa ti ilẹ̀kùn náà kí òṣìṣẹ́ má baà gba ẹ̀yìn jí ẹrù kó, ọ̀gá náà ló sì ń kó kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀. "Wọ́n ní fáànù ti ba ohùn jẹ́. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́."

"Ṣé ẹnu bàbá ti kúrò níbẹ̀ ni?" Inú ń bí onígbàjámọ̀. "Wọn ò lè ní kí bàbá tún un sọ?"

Ojú ti Bàbá Onífíìmù. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó pa fáànù ṣọ́ọ̀bù, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ó gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Bàbá wo fóònù. Ó wolẹ̀.

"Èmi ni."

Wọ́n dúró. Aránṣọ rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ẹ máa bá a lọ, Bàbá mi. Ó ku ìyókù."

"Ìyókù wo?" Bàbá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa. "Ibi tó parí sí nìyẹn."