Òòlù Tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ Kò Lè Fi Búra

Háà! Igbe tí mo ké ní ọjà Ládìpọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn mẹkáníìkì rọ́ jáde. Ọmọkùnrin tó ń ta páàtì mọ́tò fún mi ló fi ahọ́n kan irin, tó ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, mo fi irin yìí búra, ojúlówó ni!" Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀ jọ̀ọ́, ọjà lásán là ń tà."

Ọjà lásán kẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó.

Ní abúlé wa lọ́nà Iléṣà, kí n tó wá sí Mushin, ilé àgbẹ̀dẹ la ti ń yáná láàárọ̀ ọyẹ́. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni aládùúgbò wa, ẹ̀ta iná sì ti jẹ ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀. Òun ló ń rọ ọkọ́ àti àdá tí gbogbo wa fi ń jẹun. Ibẹ̀ náà la ti ń búra: ẹni tí wọ́n bá fura sí á fi ahọ́n kan òòlù bàbá. Bó bá parọ́, irin á pa á.

Lọ́dún kan, ewúrẹ́ opó kan sọnù. Wọ́n rí okùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ni wọ́n bá nàka sí ìyá mi. Odidi ọjọ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lódò. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní bí kò bá búra, ká kẹ́rù wa kúrò nílùú.

Lọ́jọ́ kẹfà, gbogbo abúlé pé sí àgbẹ̀dẹ. Ìyá mi fi ahọ́n kan òòlù, kò gbọ̀n. Ó wá ní, "Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ búra!" Wọ́n búra lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní, "Bàbá, ó ku ẹ̀yin o."

Ẹ̀rín sọ. Ta ni yóò ní kí alágbẹ̀dẹ búra?

Bàbá gbé òòlù dé ẹnu. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Mi ò lè ṣe é. Èmi ni mo mú ewúrẹ́ náà. Èmi náà ni mo ju okùn sẹ́yìnkùlé wọn."

Yéè! Mo di ìró ìyá mi mú. Ẹnu mi ò pa dé mọ́.

Lónìí, Bíbélì àti Kùránì la fi ń búra, àwọn mìíràn sì ń parọ́ lé wọn lórí láìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ mi máa ń ní bàbá yẹn tilẹ̀ gbìyànjú, ó ṣì bẹ̀rù nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tirẹ̀ àti ti ìyá mi. Ọjọ́ márùn-ún ló fi gbọ́ ẹkún rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Irin nìkan ló bà á lẹ́rù.