Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbọ́ Súfèé Nínú Ẹ́ńjìnì

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sí àgbàlá ni mo máa fi ń mọ̀ pé mo ti dé ilé ìyá ọkọ mi ní Oǹdó. Ó máa ń kan díẹ̀ bí ọtí, ó sì máa ń dùn díẹ̀, pàápàá bí oòrùn bá ti ràn sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn ẹ́ńjìnì gbígbóná ló bo ti kòkó mọ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ mi ti ń dà mí láàmú láti Ọ̀wẹ̀nà. Ìwọ náà mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: tòkunbọ̀ tó ní tọ́bò, èyí tó máa ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ lè lágbára. Bí ara rẹ̀ bá yá, ó máa ń gun òkè bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú ni. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń tẹná tó, ṣe ló ń wọ́ tuurutu, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá ń kọjá lára mi.

Ìyá ọkọ mi ni mo wá mú. Ohun funfun kan ti bo ẹyinjú wọn kí n tó di ìyàwó ilé náà, tó fi jẹ́ pé ohùn mi nìkan ni wọ́n fi mọ̀ mí. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá ti gbà rí, ẹ̀rù sì mú kí wọ́n yí ohùn padà. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè ti bẹ̀ wọ́n, èmi náà ti bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ wọn ti gbàdúrà títí. Mo mọ̀ pé bí a bá pàdánù ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn.

Kí n tó pa ọkọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Ara ọkọ̀ yẹn ò yá," ni wọ́n wí. "Ó ń sọ fún wa pé ká jókòó. Gbé àpò mi padà síbi tó wà." Mo ní ká wọ ọkọ̀ èrò. Wọ́n ní àwọn ò lè há sáàárín èèyàn tí àwọn ò rí ojú wọn. Mo wá ní kí n pe mẹkáníìkì. Wọ́n ní kí n pè é, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara wọn ti balẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí òjò gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdánwò.

Mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ló wá, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń kọrin sábẹ́ imú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ṣáná sí i. Àwa méjèèjì ń gbọ́ ìró kan tó ń dún ṣíííí, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnì kò jẹ́ ká mọ ibi tó ti ń wá. Ó fún eléyìí le, ó tú tọ̀hún wò, ìyàtọ̀ kò sí. Níkẹyìn ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di Mọ́ńdè. Ó lè jẹ́ tọ́bò fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́."

Ibẹ̀ la wà tí ìyá fi jáde, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Wọ́n ní ká dákẹ́. Wọ́n dúró níwájú ọkọ̀, wọ́n dẹ etí sílẹ̀, ẹnu wọn là díẹ̀.

"Òkè lẹ̀yin ń wá a," wọ́n wí. "Ìsàlẹ̀ ló wà. Apá ọ̀dọ̀ mi níbí. Ó ń súfèé bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ yọ."

Mẹkáníìkì ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó ń táràrà. Lójijì, ìró náà dákẹ́. Ó yọ ọwọ́, ìró bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi ìka dí i, ó tún dákẹ́. "Róbà fákúùmù rèé!" ló pariwo, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Òun ni ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́ kí tọ́bò lè mọ ìgbà tó yẹ kó fẹ́. Ó ti sán lábẹ́. Ìyá, ẹ kú etí o!"

Róbà ọ̀hún kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Bó ṣe ń fà á yọ ló kán sí méjì bí igi gbígbẹ. Ó lọ mú tuntun wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó nípọn dáadáa, ó ní èyí tó fẹ́lẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ra bí ẹ́ńjìnì bá ti fà á. Ó fi ti àtijọ́ wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó tì í bọ ẹnu páìpù méjèèjì, èmi sì ń na kílíìpù tó fi ń dì í mú sí i. Nígbà tí mo ṣáná, ẹ́ńjìnì náà ń kùn jẹ́jẹ́. Mo wà á gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì gbé mi fìrì, tí ẹ̀yìn mi fi lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

Nígbà tí mo padà dé, mẹkáníìkì ń bá ìyá ṣeré. "Ìyá, ọkọ̀ tí ẹ kò fẹ́ wọ̀ lẹ bá wa tún ṣe yìí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ìhà mú. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí mi. "Ìyàwó mi," wọ́n wí, "ibo lo gbé àpò mi sí?"

A ti kọjá Ọ̀wẹ̀nà kí n tó lè béèrè. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi sọ ibi tí ìró náà wà fún wa? Ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin ò gbọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe máa dákẹ́?" Wọ́n fi ọwọ́ wá apá mi, wọ́n dì í mú. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Má sáré."

Mi ò sáré.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ rèé? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ." A rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo ti ronú sí i gan-an láti ìgbà náà. Ọdún pọ̀ tí gbogbo wa ti ń fa ìyá lọ́wọ́: ẹ máa bọ̀, ẹ rọra, ẹ jókòó. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ àwọn tó ń ṣàánú wọn ni. Lọ́jọ́ yẹn ní àgbàlá, àwa la há, ìyá ló yọ wá. Ó jọ pé ìgbà tí wọ́n rí i pé a ṣì nílò wọn ni wọ́n tó ní ìgboyà láti jẹ́ ká ran àwọn náà lọ́wọ́. Ní báyìí, bí mo bá wà lọ́dọ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, n kì í yára béèrè ohun tí mo lè bá a ṣe. Mo máa ń kọ́kọ́ wá ohun tí òun lè bá mi ṣe.