Bàbá Délé, Ta Ni Yóò Gbọ́ Iibun Àwọn Ọmọ Yín?

Bàbá Délé, ọkọ mi àtàtà, ó dìgbà o, bí ẹnu mi kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín lónìí.

Onísùúrù ènìyàn tí kì í gbóhùn sókè, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ fi dáná ní ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ní Elephant and Castle, ní London níbí. Ibẹ̀ lẹ ti mú ọ̀rọ̀ èdè wọn kan wá sí fúláàtì wa ní Peckham: iibun. Ẹ ní ọ̀gá yín ló kọ́ yín, pé bí ènìyàn méjì bá ń jà, oníkálukú ló ní iibun, ìyẹn ohun tó ní í sọ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Bí Délé àti Bísí bá ti ń jà lórí rìmóòtù, ẹ ó pè wọ́n sídìí tábìlì kíṣìnì, ẹ ó fi ṣíbí onígi lé ọ̀kan lọ́wọ́, ẹni tó bá mú un nìkan ló lè sọ̀rọ̀. "Iibun tìẹ dà?" Bísí á já lu ọ̀rọ̀ Délé, á ní, "Daddy, irọ́ ló ń pa, I swear." "Kò tíì kàn ọ́. Ṣíbí ń bọ̀." Èmi á máa pariwo nídìí sítóòfù: "Bísí, kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ, ká jẹun." Ẹ ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá Délé, adájọ́ tí kì í gbọ́ ẹjọ́."

Adájọ́ náà tún ti ṣe é o. Lọ́jọ́ kẹta tí ẹ lọ, Délé sọ lójú àlejò pé àbúrò òun ló wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ tí ẹ lọ, pé Bísí ló fi falẹ̀ kó tó pe áńbúláǹsì. Mo rí i tí Bísí la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́." Ó kúnlẹ̀. Ó dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn yóò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ létí sàréè yín, ọ̀kan á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deptford, èkejì á gba Walworth lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò pè wọ́n padà sídìí tábìlì mọ́.

Bísí, bí o bá ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí ní ìjókòó ẹ̀yìn, èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣíbí bàbá rẹ wà nínú báàgì mi. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Délé á panu mọ́. Èmi náà á panu mọ́.

Ọkọ mi tí í gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì, ẹ sùn re o.

Ìyàwó yín, Ìyá Délé