Òkúta Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ilé alága ẹgbẹ́ ìlú wa wà ní Mushin. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òkè pátápátá ló sì ń gbé. Ibẹ̀ la ti ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Ẹ má bi mí ìdí tí àwa tí ìyà òkè gígùn lé kúrò nílùú fi lọ yan ibi tó ga jù láti máa jókòó sí. Mo ti bi wọ́n rí, wọ́n ní ó ti mọ́ wa lára.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé náà, bàbá arúgbó kan máa ń jókòó ti òkìtì òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹnikẹ́ni ò gòkè lọ́wọ́ òfo. Àṣà ìlú wa ni. Orí òkè olókùúta ni ìlú wa wà, ilẹ̀ oko ibẹ̀ ò nípọn, ògiri òkúta la fi ń dá a dúró kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Bí òjò bá rọ̀, òkúta á máa yí wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gòkè relé á mú ọ̀kan dání, á fi dí ibi tí ògiri bá ti ṣí. Àgbà ń mú, àlejò ń mú. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀.

Ní Mushin ńkọ́? A ń mú un náà. Láti kékeré mi la ti ń ru òkúta lọ sí fàráńdà alága, kò sì sí oko kankan níbẹ̀, àfi ìkòkò òdòdó kan tó ti kú. Ayálégbé tó wà lábẹ́ fàráńdà yẹn ti kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò ní yàrá nítorí pé dẹ́kìn ti ń tẹ̀. Nígbà tó wá fẹjọ́ sùn, alága ní kó fọkàn balẹ̀, pé òkúta tiwa kì í wó nǹkan, ṣe ló ń gbé nǹkan ró. Ẹ̀yà mọ́tò ni alága ń tà ní Ládípọ̀. Mushin ni wọ́n bí i sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà.

Ti òkúta ò dùn mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń dùn mí. Màmá Àgbà là ń pè é, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì ń gbé orí òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbìn. Orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n, ó ń jẹrà mọ́ ọn lójú, kò sẹ́ni tó máa rù ú lọ sọ́jà. Ohun tí gbogbo wa ń fẹ́ kò ju ẹ̀rọ oníwáyà kan lọ, irú èyí tó ń fa àpótí láti ìsàlẹ̀ dókè, tó lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kó sì gbé ìyá arúgbó padà. Màmá Àgbà ti sọ ọ́ pé òun ò ní sọ̀kalẹ̀ láéláé àfi tí nǹkan bá wà tó máa gbé òun padà sílé òun.

Alága wá gbọ́ pé ọ́fíìsì kan wà tó ń rí sí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àwọn ará orí òkè. Ó lọ bá wọn. Wọ́n ní inú àwọn dùn, àwọn máa wá wo ìlú náà, àmọ́ mọ́tò àwọn ò lè gun òkè dé ibẹ̀, ṣé a ò lè kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe kí àwọn lè wá wo bí kò ṣe sọ́nà? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, wọ́n ní kò burú, àwọn á wá wo ìlú náà ní Mushin.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti obìnrin kan ló wá. Bàbá dá wọn dúró nídìí àtẹ̀gùn.

“Ẹ mú òkúta kan dání, sà.”

“Òkúta kẹ̀? Fún kí ni?”

“Ṣé ẹ ń gòkè àbí ẹ ò gòkè?”

Ọkùnrin náà ki òkúta bọ inú báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Obìnrin náà ṣa èyí tó kéré jù. Bàbá wò ó títí, ó ní, “Àǹtí, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń mú ìyẹn.” Ó dá a padà, ó mú èyí tó tóbi.

Mo ti ya àwòrán ẹ̀rọ oníwáyà náà sórí páálí, mo fi Màmá Àgbà sínú àpótí rẹ̀, mo ya gèlè sí i lórí. Àmọ́ kí alága tó lanu, obìnrin náà ti rí fàráńdà.

“Ẹ̀yin lẹ kó gbogbo èyí jọ?”

Orí alága wú. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òkúta, ó ń sọ ọ́ títí oúnjẹ àlejò fi tutù. Mo wúkọ́, mo tún wúkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ ń bọ̀. Jẹ́ kí n parí tòkúta ná.”

Kò parí ẹ̀. Mo gbé páálí mi síwájú oníkóòtù. Ó ní ó dáa gan-an, ó gbà á, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò òkúta wa ní gbogbo ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ti rí ohun tó jẹ wá lógún.

Nígbà tó yá, wọ́n pè wá pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀ nínú tírélà. Wọn ò sọ ohun tó jẹ́, a ò sì bi wọ́n. Kí ló tún lè jẹ́? Alága fúnra rẹ̀ pe Màmá Àgbà lórí fóònù: “Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.”

Àwọn géńdé tí alága rán láti Èkó ló pọ̀n ọ́n wá sísàlẹ̀ òkè. Èmi náà ti wá láti Èkó. Mo bá a lórí àga, ó wọ aṣọ òkè, ó wé gèlè bí mo ṣe yà á gẹ́lẹ́, òkúta kan wà lórí itan rẹ̀.

“Kí ni ti òkúta, Mà?”

“Ṣé torí pé ẹ̀rọ ló máa gbé mi ni kí n wá gòkè lọ́wọ́ òfo?”

Tírélà dé. A pàtẹ́wọ́. Wọ́n ká tapólì kúrò lórí ẹrù. Òkúta ni. Òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé dọ́gba-dọ́gba, ó kún tírélà fọ́fọ́. Oníkóòtù gba máíkì, ó ní a ò ní máa ṣa òkúta kéékèèké kiri mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni òkè wà, òkúta láti orí délẹ̀. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, mi ò sì lè dá a dúró. Àwọn ará ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n sì ń padà sílé, oníkálukú mú ọ̀kan dání, torí wọ́n ń gòkè.

Màmá Àgbà wo ẹrù náà dáadáa.

“Èwo nínú wọn ni n ó jókòó lé?”

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn òkè ń yọ̀, àwọn géńdé ní pípọ̀n sọ̀kalẹ̀ yàtọ̀ sí pípọ̀n gòkè. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Èkó ná, títí ẹ̀rọ á fi dé.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà di bí mo ṣe ń wí yìí, ní yàrá ìsàlẹ̀, ní Mushin. Ó máa ń bi mí bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ti pọ́n, mo sì máa ń parọ́ fún un. Òkúta yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé tó kọjá, mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ alága, kí tiẹ̀ náà lè wà láàárín tàwọn yòókù. Ó fi ọwọ́ bò ó.

“Fi sílẹ̀,” ló wí. “Ilé mi ló ń lọ.”