Ilẹ̀kùn Ṣáláńgá Obìnrin ní Takie

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ara mi kò balẹ̀ láti ọ̀sán yìí.

Ṣáláńgá tí wọ́n ń kọ́ fún àwa ọlọ́jà ní ọjà Takie ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ilẹ̀kùn ọkùnrin kọjú sí títì. Ara ògiri ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀kùn tiwa yóò wà, ni wọ́n fi ẹfun kọ "Obìnrin" sí. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì ni a ó máa gbà débẹ̀.

Mo bi kọngílá tó gba iṣẹ́ náà pé kí ló dé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá wa, àṣírí yín la bò. Àbí ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé máa wò yín bí ẹ bá ń wọlé?"

"Ọmọ mi, bí ẹnìkan bá pariwo níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́?"

"Màmá àgbà, ta ló fẹ́ gbé yín sá lọ?"

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín.

N kò rẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó máa ń gba ipò kìíní, máa ń wá bá mi tajà tí ó bá ti ilé ìwé dé. Ibẹ̀ ni yóò máa lọ.

Mo wọ ọ̀nà náà. Lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà, mo bá àpótí ìjókòó kan àti àmukù sìgá rẹpẹtẹ. Mo bi àwọn bíríkìlà. Kò sí ẹni tó ni ín nínú wọn.

Igi gànyìn-gànyìn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ilé tí a kò tíì ṣí, ẹnìkan ti ń jókòó dè wá níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọbìnrin, kí lẹ rí sí i? Ta ni yóò bá mi lọ bá kọngílá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó gbé ilẹ̀kùn yẹn sí i?